Oúnjẹ oṣù mẹ́ta nílé: kí la máa rà, báwo la ṣe máa pa á mọ́ tí kòkòrò ò fi ní jẹ ẹ́?

Ìyá Ìbejì Àpáta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, Èkó la wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó sì di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó tú u díẹ̀. Ohun tó wà nílé wa lọ́jọ́ náà ò ju kóńgò ìrẹsì méjì, gàrí díẹ̀ àti epo ìdajì ìgò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo fẹsẹ̀ rìn wá gàrí kiri, iye tí wọ́n sì pè é kò jọ iye tí mo mọ̀ rí.

A kó wá sí Ìbàdàn. Oṣù kejì ọdún 2023 tún dé, ọ̀wọ́n owó náírà. Owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́. Mo dúró níwájú ìyá onígàrí, mo ń fi fóònù hàn wọ́n pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn náà ń fi tiwọn hàn mí pé kò tíì wọlé. A dúró bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, àwọn ọmọ mi wà nílé, ebi ń pa wọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé oúnjẹ oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa wà nínú ilé mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ìdajì àpò ẹ̀wà olóyin, mo dè é lẹ́nu, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo tú u lẹ́yìn oṣù méjì ó lé díẹ̀, ẹ̀wà ti di ìyẹ̀fun, kòkòrò ń gun ògiri. Owó oṣù mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kí n má dán an wò mọ́.

Èmi ṣì fẹ́ ṣe é. A jẹ́ mẹ́fà nílé, ìyá ọkọ mi wà pẹ̀lú wa. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Oṣù wo ni kí n rà á? Aládùúgbò kan ní kí n wọ́n oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á.

Alẹ́wà Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àdánù. Olúwa á fi òmíràn rọ́pò.

Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń ta ẹ̀wà. Ẹ sọ fún mi, oṣù wo lẹ ra èyí tó bàjẹ́ yẹn? Tó bá jẹ́ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni, ẹ̀wà àtijọ́ lẹ gbé. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ ní òkè Ọya kó tó wọ mọ́tò, kòkòrò ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ yín, àsìkò yẹn gan-an ló sì máa ń wọ́n jù. Ẹ̀wà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kìíní, ọjà máa ń kún, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹni tó fẹ́ pa á mọ́ rà á.

Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má wo ojú àpò nìkan. Ojú àpò la máa ń tún ṣe, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n dà á sílẹ̀ tàbí kí wọ́n bu ti ìsàlẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Tí ẹ bá rí àmì funfun kékeré lára ẹ̀wà, bí orí abẹ́rẹ́, ẹyin kòkòrò ni, ihò kankan ì báà má tíì sí lára rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń ta imú bí oògùn ẹ̀fọn, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ẹ wá fi eyín gé ẹyọ kan: tó bá ró kà, ó gbẹ, tí eyín bá rì wọ inú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sè é lónìí.

Òṣìṣẹ́ Mushin

Tèmi ni pé kí ẹ ra gàrí, kí ẹ gbàgbé ẹ̀wà.

Onímọ̀ Ọ̀gbìn Ìlọrin

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú àpò Ìyá Ìbejì, torí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀tá kó tó bá a jà.

Kòkòrò yẹn kò ti ara ògiri wá. Láti oko ló ti bá ẹ̀wà wálé. Abo rẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà, àmì funfun tí Ìyá Alẹ́wà sọ nìyẹn. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin á gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti dàgbà, yóò sì wá lu ihò róbótó jáde. Nínú ooru ilẹ̀ wa níbí, gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Abo kan lè yé ẹyin tó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, àpò tí ẹ rà tí kòkòrò mẹ́wàá péré wà nínú rẹ̀, ìran kejì rẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìran kẹta kò ṣeé kà mọ́. Bí ẹ̀wà ṣe ń di ìyẹ̀fun láàárín oṣù mẹ́ta nìyẹn. Dídè tí ẹ dè é lẹ́nu kò ran yín lọ́wọ́, torí pé àpò tí wọ́n hun máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

Atẹ́gùn ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà, ohun tó ti ibẹ̀ jáde la mọ̀ sí àpò PICS lónìí. Àpò mẹ́ta ni nínú ara wọn: ọ̀rá méjì tó nípọn wà nínú, àpò híhun wà níta. Tí ẹ bá dì í pa, kòkòrò inú rẹ̀ á mí atẹ́gùn ibẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n á ṣíwọ́ jíjẹ, wọ́n á ṣíwọ́ bíbí, wọ́n á kú. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rá náà bóyá ó jò, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i bíi bàlúùnù. Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ tẹ atẹ́gùn orí rẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀ dáadáa, ẹ ká a, ẹ so ó. Ẹ ṣe ọ̀rá kejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó so ti ìta. Ẹ má tú u fún oṣù méjì ó kéré tán. Ẹni tó ń tú u lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀ láti bu ẹ̀wà ń fún kòkòrò ní atẹ́gùn tuntun ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì fún ìdílé ju àpò lọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan máa ń gba ẹ̀wà bíi kílò 19 tàbí 20. Ẹ kún un dẹ́nu, kí ààyè atẹ́gùn má ṣẹ́kù, ẹ fi ọ̀rá sí ẹnu rẹ̀, ẹ dé e pa. Ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ tó ṣí èkejì. Èyí tó gbé òróró jíjẹ tàbí omi rí ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dénúdénú. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ dín owó kù lọ ra èyí tó gbé bẹntiróò tàbí kẹ́míkà rí.

Ìyá Ìbejì Àpáta

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ṣé kí n sá ẹ̀wà sóòrùn kí n tó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì? Oṣù keje ni mo rà á lọ́dún tó kọjá, òótọ́ ni Ìyá Alẹ́wà sọ.

Onímọ̀ Ọ̀gbìn Ìlọrin

Ẹ sá a. Ẹ tẹ́ rọ́bà dúdú sílẹ̀, ẹ da ẹ̀wà lé e kó má nípọn, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká. Oòrùn ọ̀sán gangan, wákàtí méjì. Ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn máa ń pa ẹyin àti ọmọ kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà, oòrùn lásán ò tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Ẹ̀wà tó gbóná tí a dé mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì á làágùn, omi yẹn ni yóò mú un bu.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo tàbí ẹ̀wà gbẹ tó, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣakí ni mo ti ń kọ̀wé, mo ti lé ní ẹni 60 ọdún. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ìlú ńlá ti ń gbàgbé pé oúnjẹ tí àwọn bàbá wa ń pa mọ́ jù lọ ni iṣu.

Iṣu tútù kì í pẹ́ lọ títí, àmọ́ èyí tí a bó, tí a fi omi gbígbóná bọ̀ díẹ̀, tí a sá nínú ọyẹ́, á gbẹ kanranran. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi kì í lọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ègé iṣu gbígbẹ ni wọ́n ń kó sí àká, èyí tí a máa jẹ lọ́sẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ń gún di èlùbọ́. Lónìí, àwọn èèyàn máa ń ra èlùbọ́ lílọ̀ ọlọ́pọ̀ kóńgò, wọ́n á gbé e sílé, oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi asẹ́ jọ̀ ọ́ nítorí ìdin. Ẹ ra ègé rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì kí ẹ tó sanwó: tó bá ṣẹ́ gbà, tí inú rẹ̀ mọ́, tí kò sí ihò, ẹ gbé e. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbòòrò tàbí dúróòmù tó lómọrí, kí ẹ máa lọ ìwọ̀nba.

Àgbàdo ńkọ́? Àwa máa ń so ó ní ṣíṣùù, tòun ti èèpo rẹ̀, sí àjà orí ààrò. Èéfín iná ìdáná kì í jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi gáàsì dáná ò lè ṣe ìyẹn, mo mọ̀. Ẹ̀gúsí náà, ẹ fi í sínú èèpo rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ máa sè é. Orúnlá, ata gbígbẹ, ẹja gbígbẹ, iyọ̀, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Oúnjẹ wà nílé tí ọbẹ̀ ò sí, ẹ̀yin abiyamọ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò tí aládùúgbò sọ yẹn ló mú mi wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Oògùn tí wọ́n máa ń wọ́n sí ẹ̀wà, tí àwọn kan ń pè ní ọ̀tapíapía, dichlorvos ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Májèlé tó ń ba iṣan ara jẹ́ ni. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún 2019 ni wọ́n sì fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, mílílítà 100 sísàlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á làágùn, inú á máa rún un, á bì, ọmọlójú rẹ̀ á súnkì, èémí rẹ̀ á há. Fífọ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí sísè é pẹ́ kò fọkàn ẹni balẹ̀ rárá. Mo ti gba ìdílé kan wọlé lóru rí, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ẹ̀wà alẹ́ ni wọ́n jẹ. Gbogbo wọn ló yè, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gbàgbé bí ọmọ kékeré ibẹ̀ ṣe ń mí.

Oògùn oníkóró tí wọ́n máa ń jù sínú àpò, èyí tó ń yọ gáàsì phosphine, burú ju ìyẹn lọ nínú ilé. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń lò ó ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sùn. Tí ẹ bá gbé àpò tó wà nínú rẹ̀ sí yàrá, gáàsì náà á máa jáde bá àwọn tó ń sùn. Tí òórùn bí aáyù tàbí ẹja jíjẹrà bá ń jáde lára àpò oúnjẹ yín, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ síta, ẹ wá dókítà. Ẹ má dúró wò ó bóyá yóò lọ.

Nǹkan kan tó kù: ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé tí a ń pè ní aflatoxin ló ń ti ara olú kékeré tó mú un bu yẹn jáde, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, iná ìdáná ò sì lè pa á. Ẹ má fi lọ̀ ògì fún ọmọ, ẹ má fi í fún adìyẹ pẹ̀lú.

Alẹ́wà Bódìjà

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ń bá àwọn ará ọjà wa sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ará Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná, mo fẹ́ fi tèmi kún un.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, yìnyín dé bá wa ní Texas níbí bí a kò ṣe rí i rí. Iná lọ. Ilé wa, sítóòfù oníná la ní. Mo ní ẹ̀wà, mo ní ìrẹsì, mo ní èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, gbogbo rẹ̀ kún kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ohun tí mo lè sè nínú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n tún kéde pé ẹ má mu omi ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹ sè é. Kí la fẹ́ fi sè é? Gàrí ló gbà wá. Gàrí, omi inú ike, ẹ̀pà, mílíìkì oníyẹ̀fun, ẹja inú agolo. Ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi tí a bí síbí, tí kì í fẹ́ rí gàrí sójú, ló ń béèrè pé ṣé ó kù.

Nítorí náà, Òṣìṣẹ́ Mushin, ẹ ò jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ gàrí. Ìyá Ìbejì, ẹ pín oúnjẹ yín sí ọ̀nà méjì: èyí tó nílò iná àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn lè jẹ láìdáná. Kí omi mímu wà nípamọ́ pẹ̀lú, kí sílíńdà gáàsì kejì tó kún sì wà nílé. Èédú náà dára, àmọ́ ìta ni kí ẹ ti dá a. Àwọn èèyàn kú níbí ní ọ̀sẹ̀ yẹn torí pé wọ́n dá èédú tàbí tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé; èéfín rẹ̀ pa wọ́n lójú oorun.

Òṣìṣẹ́ Mushin

Mo dúpẹ́, Ará Houston. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, ẹ má bínú.

Dẹ́rìkà ni èmi fi ń ra ìrẹsì. Owó ọjọ́ ni mo ń gbà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ di ìlọ́po, oúnjẹ náà ń gòkè lójoojúmọ́. Mo rí àwọn tó ń fi mọ́tò wá ra àpò mẹ́wàá mẹ́wàá ní ọjà Dálèkó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dẹ́rìkà tèmi ti wọ́n sí i. Ṣé kíkó oúnjẹ pamọ́ yín yìí kì í ṣe ara ohun tó ń pa wá?

Ìyá Ìbejì Àpáta

Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò bínú rárá. Mo ti wà níbi tí ẹ wà yẹn. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀.

Mo rò pé ìyàtọ̀ wà nínú ìgbà. Ẹni tó sáré lọ kó àpò mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ìlú, ó gba ti ẹnu ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ẹ̀wà ń kún ọjà tí àgbẹ̀ ń wá oníbàárà, tí kò rà ju ohun tí ilé rẹ̀ máa jẹ tán, kò sí lára èrò tó máa tò lọ́jọ́ ìjàǹbá. Oúnjẹ tó kù lọ́jà lọ́jọ́ náà á kù fún ẹni tó ń ra dẹ́rìkà. Mi ò sì ní tà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń rà á kó lè tà á nígbà ọ̀wọ́n, òun ni kí ẹ bínú sí.

Òṣìṣẹ́ Mushin

Mo gba èyí. Àmọ́ owó àpò náà ni èmi ò ní.

Alájọ Abẹ́òkúta

Bọ̀ọ̀dá Mushin, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é níbí. A jẹ́ obìnrin méjìlá àti ọkùnrin mẹ́ta, àjọ oúnjẹ la ń dá. Láti oṣù kejì la ti ń dá owó kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ẹni mẹ́ta nínú wa á lọ sí ọjà, wọ́n á ra ẹ̀wà àti ìrẹsì ní àpò àpò, a ó fi kóńgò kan náà pín in lójú gbogbo wa. Ẹni tó dá ìdajì gba ìdajì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí owó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwa méjì la jọ ń fọwọ́ sí i ní báńkì, ìwé sì wà tí gbogbo èèyàn ń wò.

Ẹni tí kò rí àjọ, kó máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀: nígbàkúùgbà tó bá ra dẹ́rìkà mẹ́ta, kó fi ìdajì dẹ́rìkà sínú ìgò, kó dé e. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ará Ògùnpa

Ẹ má gbé oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o! Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé wọ Ìbàdàn. Àpò ìrẹsì kan àti gàrí tí mo kó sí yàrá ìsàlẹ̀, omi gbé e mì. Ẹ to pákó sílẹ̀ kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì lé e, kí ó ga tó orúnkún tí ẹ bá ń gbé níbi tó rẹlẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ògiri díẹ̀. Ògiri máa ń làágùn, eku náà ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ìyá Ìbejì Àpáta

Mo ti ṣe ìṣirò tèmi, ẹ bá mi wò ó. Mo kọ ohun tí a ń jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò méfò. Lọ́sẹ̀ kan: ìrẹsì kóńgò 3, ẹ̀wà kóńgò 2, gàrí kóńgò 3, èlùbọ́ kóńgò 1. Tí mo bá sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 12, ìrẹsì jẹ́ kóńgò 36, ìyẹn àpò kílò 50 kan àti díẹ̀. Ẹ̀wà kóńgò 24. Gàrí kóńgò 36. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti ń rò pé àpò ẹ̀wà gbáko ni mo nílò, ìdí tí mo fi pàdánù tẹ́lẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú: mo ra ju ohun tí a lè jẹ tán lọ.

Ìbéèrè méjì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ńkọ́, ìyá ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Àti pé gàrí wo ló ń pẹ́ jù?

Onímọ̀ Ọ̀gbìn Ìlọrin

Ìṣirò yẹn dára gan-an. Ọ̀fàdà, ẹ ra ti oṣù kan sí méjì. Èèpo inú rẹ̀ tí wọn kò họ tán ní òróró nínú, òróró yẹn ló máa ń jẹ́ kó rùn tó bá pẹ́. Ìrẹsì funfun ni kí ẹ fi pamọ́.

Gàrí: èyí tó yan dáadáa, tó gbẹ, tó ń ró ṣàṣà lọ́wọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú ni èmi máa yàn. Gàrí pupa ní epo nínú, kì í pẹ́ tó ti funfun. Ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀, tó bá dì mọ́ra, kò gbẹ, ẹ má gbé e. Inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni, kó má gba ọ̀rinrin. Kí ẹ fi bírò kọ oṣù tí ẹ dì í sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ìyá Ìbejì Àpáta

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. Ó ti pé oṣù mẹ́ta ó lé ọ̀sẹ̀ kan.

Ìparí oṣù kọkànlá ni mo lọ bá Ìyá Alẹ́wà ní Bódìjà. Wọ́n dà á sílẹ̀ fún mi, mo gé e léyín, mo wo ojú rẹ̀. A sá a lábẹ́ ọ̀rá lórí òrùlé, a jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tutù, a dì í sínú kẹ́ẹ̀gì méjì. Bàbá Ìbejì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé wọn.

Lánàá mo ṣí àkọ́kọ́. Ẹ̀wà ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á. Mo dà á sórí àtẹ, mo wá kòkòrò títí, méjì ni mo rí, méjèèjì ti kú. A fi sè ẹ̀wà alẹ́, ìyá ọkọ mi tún gbàwo lẹ́ẹ̀kejì. Èkejì ni kò dáa tó bẹ́ẹ̀. Ọmọrí rẹ̀ ti sán, mi ò sì mọ̀. Mo rí ìyẹ̀fun díẹ̀ lókè, kòkòrò wà láàyè níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí i?

Onímọ̀ Ọ̀gbìn Ìlọrin

Ẹ kú oríire! Ẹ má da èkejì nù. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á, ẹ tún un sá lábẹ́ ọ̀rá, kí ẹ sì jẹ òun ṣáájú. Tí iná bá dúró dáadáa lọ́dọ̀ yín, ẹ lè gbé e sí fíríísà fún ọjọ́ mẹ́rin dípò sísá. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ti oúnjẹ. Tí ẹ bá ti ra òmíràn, ẹ pọn omi kún un, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ dé mọ́jú, kí ẹ wò ó bóyá yóò jò.

Alẹ́wà Bódìjà

Ìyá Ìbejì, inú mi dùn débi pé mo ka èyí sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ọjà. Epo pupa ti ń pọ̀ lóde báyìí, títí wọ oṣù karùn-ún ló máa ń rọ̀. Ẹ wá ra kẹ́ẹ̀gì kan kó tó tún wọ́n.

Òṣìṣẹ́ Mushin

Àwa mẹ́jọ ní ṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Alájọ Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ ìwé yẹn sílẹ̀ tí kò fi ń dá ìjà sílẹ̀?

Alájọ Abẹ́òkúta

Ẹ fa ìlà mẹ́rin: orúkọ, ọjọ́, iye tó dá, ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á àti ẹni tó dá a pọ̀. Kí ẹni tó dá owó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí ẹ fi sórí WhatsApp gbogbo yín.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ìyá Ìbejì, ọyẹ́ ti ń lọ, iṣu gbígbẹ wa ti gbẹ tán. Ẹ má ra lílọ̀ o. Ègé ni mo máa bá yín wò ní ọjà Ṣakí, tí ẹ bá ti sọ iye kóńgò tí ẹ fẹ́.